Iṣẹ́ Abẹ Lésà fún Àìríran Jìnnà: Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Bí Ìdérí Kọ́níà Yóò Ṣe Nípọn Tó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ó ti rí fún alákàn náà ni ó rí fún ọmọ ènìyàn, nítorí pé iṣẹ́ òòjọ́ ẹni tí kò ríran dáadáa kì í lọ geere. Ní ìlú Sókótó, níbi tí oòrùn ti máa ń mú janjan, tí ọyẹ́ sì máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ wọ ìgboro lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ojú kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Nínú ìlú yìí, a máa ń rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọn kò lè ka ohun tí a kọ sí ojú pátákó àyàfi bí wọ́n bá fi awò sí ojú. Àwọn kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Àwọn mìíràn jẹ́ àgùnbánirọ̀ tí ìjọba rán wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tàbí oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí ó ti fi Sókótó ṣe ilé. Eruku a máa bo awò wọn, òógùn a sì máa mú un yọ̀ lórí imú. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ìròyìn iṣẹ́ abẹ lésà tí a ń pè ní LASIK máa ń dùn mọ́ wọn nínú, pàápàá nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ṣe é, tí ó sì ti ju awò nù.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí jáde. Èkíní, èló ni wọ́n ń ṣe é? Èkejì, ṣé ó máa ń dunni? Ẹ̀kẹta, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kí n tó padà sí ẹnu iṣẹ́? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ìkẹrin kan wà tí ó jinlẹ̀ jù wọ́n lọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í béèrè: báwo ni ìdérí tí wọn yóò gé lára kọ́níà mi yóò ṣe nípọn tó, eélòó ni yóò sì ṣẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀? Lórí ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ìlera ojú náà yóò dúró lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ni ń fa àìríran jìnnà?

Kọ́níà ni awọ tí ó mọ́ gaara bí omi àfọ̀nùdànù, tí ó wà ní iwájú ẹyinjú, tí ó bo ibi dúdú ojú bí gíláàsì ṣe ń bo ojú aago. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú, ìdí nìyí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ ìmọ́lẹ̀ kí ó lè pàdé ní ojú kan lórí awọ ẹ̀yìn ojú tí ń gba àwòrán. Kọ́níà yìí nìkan ni ó ń ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta iṣẹ́ títẹ ìmọ́lẹ̀ náà. Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ awò tí Ẹlẹ́dàá fi sí inú ojú.

Bí ẹyinjú bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí bí kọ́níà bá yọ jù ní iwájú, ìmọ́lẹ̀ yóò ti pàdé kí ó tó dé awọ ẹ̀yìn ojú. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí báyìí yóò máa rí ohun tí ó wà nítòsí kedere, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lókèèrè yóò máa ṣú bàìbàì. Èyí ni àìríran jìnnà. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, nínú èyí tí wọ́n ti yẹ ojú àwọn ènìyàn 13,599 tí wọ́n ti pé ẹni 40 ọdún sókè wò, fi hàn pé nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ní àìríran jìnnà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àìsàn àwọn díẹ̀.

Awò ojú ni ìtọ́jú tí ó rọrùn jù, tí owó rẹ̀ kò sì ga. Awò kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú náà wà. Iṣẹ́ abẹ lésà ni ọ̀nà kẹta, ó sì yàtọ̀ sí méjì àkọ́kọ́ ní ohun kan: a lè yọ awò kúrò lójú nígbàkúgbà, ṣùgbọ́n ohun tí lésà bá ti yọ kúrò lára kọ́níà kò ní padà mọ́.

Bí ìmọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀

José Ignacio Barraquer, oníṣègùn ojú ọmọ orílẹ̀-èdè Sípéènì tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà, ni ó kọ́kọ́ gbé èrò náà kalẹ̀ ní ọdún 1949 pé a lè tún kọ́níà gbẹ́ kí ojú lè ríran dáadáa. Ní ayé ìgbà náà, ńṣe ni ó máa ń gé pèlẹ́bẹ kan lára kọ́níà, tí yóò mú un di yìnyín, tí yóò gbẹ́ ẹ lórí ẹ̀rọ, tí yóò sì dá a padà sí ojú aláìsàn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, ní ilé ìwádìí iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, Rangaswamy Srinivasan mú ìyókù ẹran tòlótòló tí wọ́n fi ṣe àjọ̀dún ìdúpẹ́ wá sí ibi iṣẹ́, ó sì tan lésà tí a ń pè ní excimer sí i lára. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, James Wynne àti Samuel Blum, ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí náà. Wọ́n rí i pé lésà yìí ń gé ẹran náà ní ojú ibi tí wọ́n darí rẹ̀ sí, láìjó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rárá. Ní ọdún 1983, oníṣègùn ojú kan, Stephen Trokel, gbé ìwádìí jáde pẹ̀lú Srinivasan láti fi hàn pé lésà kan náà lè gbẹ́ kọ́níà. Nígbà tí ó di ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ioannis Pallikaris ní Yunifásítì Crete ní orílẹ̀-èdè Gíríìsì so èrò Barraquer pọ̀ mọ́ lésà yìí, ibẹ̀ sì ni LASIK ti wá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Oníṣègùn yóò kán oògùn tí ń pa ìrora sí ojú. Lẹ́yìn èyí, yóò gé ìdérí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ojú kọ́níà, ṣùgbọ́n kò ní gé e já. Yóò fi apá kan sílẹ̀ kí ó lè ṣí i bí ìgbà tí a bá ṣí ewé ìwé. Lésà excimer yóò wá gbẹ́ díẹ̀ lára àárín kọ́níà tí ó wà lábẹ́ ìdérí náà, kí ojú rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì lè rìn dé ibi tí ó yẹ. Nígbà tí ó bá parí, oníṣègùn yóò dá ìdérí padà sí àyè rẹ̀ láìfi abẹ́rẹ́ rán an. Gbogbo rẹ̀ kì í gba àkókò púpọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa ríran kedere kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ìṣirò tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀

Ohun tí a fi ń wọn kọ́níà ni máíkírọ́ọ̀nù. Bí a bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan. Àárín kọ́níà ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń nípọn tó nǹkan bí 500 sí 600 máíkírọ́ọ̀nù, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò ju ìdajì mìlímítà àti díẹ̀ lọ. Nínú ìwọ̀n kékeré yìí ni oníṣègùn yóò ti gé ìdérí, inú rẹ̀ náà ni lésà yóò ti gbẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é kí ó lè yé wa. Ká ní kọ́níà ẹnì kan nípọn tó 530 máíkírọ́ọ̀nù, tí awò ojú rẹ̀ sì jẹ́ òǹkà 6. Bí ojú ibi tí lésà yóò gbẹ́ bá fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́fà àti ààbọ̀, lésà yóò yọ nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 14 fún òǹkà awò kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 85.

Bí ìdérí bá nípọn tó 110 máíkírọ́ọ̀nù, a ó yọ 110 àti 85 kúrò nínú 530, yóò sì ku 335. Bí ìdérí bá nípọn tó 160, èyí tí yóò ṣẹ́ kù jẹ́ 285. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé abẹ wọlé ju bí a ti pète lọ, tí ìdérí di 200, èyí tí yóò ṣẹ́ kù kò ju 245 lọ. Ojú kan náà ni, awò kan náà ni, lésà kan náà ni. Ìnípọn ìdérí nìkan ni ó yàtọ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣebí wọ́n dá ìdérí náà padà, kí ló dé tí a fi ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò? Ìdí ni pé ìdérí tí a ti gé kì í so mọ́ ara kọ́níà pinpin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ń bo ojú, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò tún lè ran kọ́níà lọ́wọ́ láti dúró lòdì sí ìfúnpá tí ń tì í láti inú wá. Èyí tí ó kù lábẹ́ ni yóò máa gbé ẹrù náà títí ayé.

Nígbà tí ìdérí bá nípọn jù

Ní ọdún 1998, Theo Seiler, oníṣègùn ojú ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn aláìsàn kan tí kọ́níà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síwájú lẹ́yìn LASIK. Àìsàn yìí ni a ń pè ní ectasia. Bí ògiri tí a gbẹ́ ìdí rẹ̀ jù ṣe ń wú kí ó tó wó, bẹ́ẹ̀ ni kọ́níà tí kò nípọn tó mọ́ ṣe máa ń yọ gọngọ. Ẹni tí ó ti ń ríran dáadáa yóò wá rí i pé ojú òun tún ń ṣú, àwòrán ń di méjì, awò lásán kò sì lè tún un ṣe mọ́. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀, a kò sì sọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní fojú kékeré wò ó. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti fi ẹnu kò pé ohun tí yóò ṣẹ́ kù lábẹ́ ìdérí kò gbọdọ̀ dín ní 250 máíkírọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lónìí kì í tilẹ̀ fẹ́ kí ó dín ní 300. Ní ọdún 2014, ìwádìí kan tí Marcony Santhiago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tún fi kún un pé bí àpapọ̀ ìdérí àti ohun tí lésà yọ bá ti tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kọ́níà, ewu ectasia ń pọ̀ sí i, kódà fún ojú tí kò fi àbùkù kankan hàn tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. Pẹ̀lú ìdérí 110, ohun tí iṣẹ́ abẹ fọwọ́ kàn jẹ́ nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú ìdérí 160, ó di ìdá 46. Àádọ́ta máíkírọ́ọ̀nù péré, ìwọ̀n tí kò tó ìnípọn irun orí àwọn ẹlòmíràn, ni ó gbé ojú kan náà kọjá ààlà.

Ìtọ́jú wà fún ectasia. Láti ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Dresden ní Jámánì ti tẹ ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè kán fítámì B2 sí ojú, kí a sì tan ìtànṣán ultraviolet sí i, kí kọ́níà lè le sí i. Èyí lè dá àìsàn náà dúró kí ó má tẹ̀síwájú. Àwọn kan nílò awò líle tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú. Àwọn tí tiwọn bá le jù nílò kí a fi kọ́níà ẹni tí ó ti kú rọ́pò tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni rírí irú kọ́níà bẹ́ẹ̀ kò rọrùn ní orílẹ̀-èdè wa.

Nígbà tí ìdérí bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù

Ṣé ìtumọ̀ èyí ni pé kí oníṣègùn gé ìdérí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jùlọ? Rárá o. Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀sọ̀ náà ní ìwọ̀n. Ìdérí tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù lè ya, ó lè ká jọ bí aṣọ tí a kò nà dáadáa, ó sì lè ní ihò ní àárín gan-an níbi tí ìríran ti ń wọlé. Bí irú ihò bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kì í tan lésà mọ́. Yóò dá ìdérí padà, yóò sì jẹ́ kí ojú náà sinmi fún oṣù mélòó kan kí ó tó tún ronú ohun tí ó kàn.

Ní àwọn ọdún 1990, abẹ tí ẹ̀rọ ń tì, tí a ń pè ní microkeratome, ni wọ́n fi ń gé ìdérí. Wọ́n lè pète 160 tàbí 180, kí ohun tí yóò jáde sì yàtọ̀ sí i pẹ̀lú 20 tàbí 30 máíkírọ́ọ̀nù, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni lésà kejì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ femtosecond dé, láti inú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gígé ìdérí ní nǹkan bí ọdún 2000. Lésà yìí kò lo abẹ irin. Ó ń tú ara kọ́níà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí a bá yàn fún un, ìdérí rẹ̀ sì máa ń jáde ní dọ́gbadọ́gba. Ìdérí 100 sí 120 máíkírọ́ọ̀nù ni ó wọ́pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lónìí. Síbẹ̀, microkeratome kò tíì kúrò nílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí sì sàn ju ti àtijọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a béèrè irú èyí tí wọn yóò lò.

Fún ẹni tí kọ́níà rẹ̀ kò nípọn tó, ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ìdérí rárá, PRK ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀, awọ òkè kọ́níà nìkan ni wọ́n ń fá kúrò, lésà yóò sì gbẹ́ ojú ibẹ̀ tààrà. Ìrora rẹ̀ pọ̀ ju ti LASIK lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìríran sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó ń fi púpọ̀ sílẹ̀ lára kọ́níà. Fún ẹlòmíràn, ìmọ̀ràn tí ó dára jù ni pé kí ó máa lo awò rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ará Sókótó mọ̀

Ojú ọjọ́ Sókótó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ nínú ìpinnu yìí. Ní àkọ́kọ́, nígbà tí a bá ń gé ìdérí, a ń gé àwọn iṣan tín-ín-rín tí ń jẹ́ kí kọ́níà mọ̀ pé òun ti gbẹ. Ìdí nìyí tí ojú fi máa ń gbẹ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn LASIK. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀ nínú ọyẹ́ yóò rí i pé ó le sí i. Ó yẹ kí a wádìí gbígbẹ ojú kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu kí a má ṣe fi í sí àárín ìgbà ọyẹ́ bí ènìyàn yóò bá padà sínú eruku láìpẹ́.

Èkejì, àìsàn ojú yíyún tí ó máa ń bá àwọn ọmọdé fínra wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ gbígbóná tí ó gbẹ bíi ti àríwá Nàìjíríà. Ọmọ tí ó bá ń fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ gidigidi ní gbogbo ìgbà lè ní keratoconus, àìsàn tí ń sọ kọ́níà di tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì yọ ṣónṣó. Ẹni tí ó bá ní in kò gbọdọ̀ ṣe LASIK, bí ó ti wù kí ìdérí tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Àìsàn yìí lè fara pamọ́, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ojú kọ́níà ni ó sì ń tú àṣírí rẹ̀. Bí ẹ bá rántí pé ojú yún yín púpọ̀ nígbà èwe, ẹ má ṣe fi pa mọ́ fún oníṣègùn.

Ẹ̀kẹta, Sókótó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí trachoma ti bá jà. Àìsàn yìí máa ń yí ìpéǹpéjú sínú, irun rẹ̀ a sì máa ha kọ́níà títí tí yóò fi dá àpá sí i. Kọ́níà tí ó ní àpá kì í ṣe èyí tí a lè gé ní ìrọ̀rùn.

Ẹ̀kẹrin, ìdérí LASIK lè ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ bí ohun líle bá gbá ojú, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. FDA, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gba ènìyàn nímọ̀ràn láti yẹra fún eré ìdárayá tí ó le bí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n fún ọ̀dọ́ tí ó ń ja dambe, ẹ̀ṣẹ́ ìbílẹ̀ àwọn Hausa, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìjà, PRK tí kò ní ìdérí ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń yàn.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun fún iṣẹ́ abẹ yìí. Ilé ìwòsàn Eye Foundation ní Ìkẹjà wà lára àwọn tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ náà ní Èkó. Láti Sókótó sí Èkó ju 700 kìlómítà lọ. Nítorí pé ó yẹ kí oníṣègùn tún ojú wò láàárín wákàtí 24 sí 48, kí ó sì máa wò ó lóòrèkóòrè fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà, kò dára kí ènìyàn ṣe é lónìí kí ó wọ ọkọ̀ padà lọ́la. Kí ẹ tó gbéra, ẹ lè lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní Usmanu Danfodiyo University Teaching Hospital ní Sókótó fún àyẹ̀wò ojú, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú yín nígbà tí ẹ bá padà dé.

Kọ́níà aláwọ̀ dúdú àti àìsàn glaucoma

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú ní pàtó. Nínú ìwádìí ńlá kan lórí ìfúnpá ojú ní Amẹ́ríkà, èyí tí èsì rẹ̀ lórí ìnípọn kọ́níà jáde ní ọdún 2001, kọ́níà àwọn aláwọ̀ dúdú fi nǹkan bí 23 máíkírọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ìṣirò tí ó tẹ́ òyìnbó lọ́rùn lè má tẹ́ ojú tiwa lọ́rùn. Kí oníṣègùn wọn kọ́níà yín fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe méfò.

Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni glaucoma, àìsàn tí ń pa iṣan ìríran díẹ̀díẹ̀ láìdunni, tí ìfúnpá inú ojú sì jẹ́ olórí ohun tí ń dá a sílẹ̀. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí a mẹ́nu bà lókè fi hàn pé nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ti pé 40 ọdún sókè ni ó ní in, tí 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní in kò sì mọ̀. Kọ́níà tí LASIK ti sọ di tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tan ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá jẹ. Ìfúnpá lè ga, kí ẹ̀rọ sì sọ pé àlàáfíà ni. Nígbà tí àṣírí yóò bá tú, iṣan ìríran lè ti kú.

Ẹni tí ó ṣe LASIK ní ọmọ ọdún 25 ní Èkó lè wọ ilé ìwòsàn ní Sókótó ní ọmọ ọdún 50, kí oníṣègùn ibẹ̀ má mọ̀ rárá pé ẹnikẹ́ni ti gbẹ́ kọ́níà rẹ̀ rí, nítorí pé ojú lásán kò lè rí àpá náà ní ìrọ̀rùn. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ lè sọ ọ́. Ìwé kan náà ni wọn yóò nílò láti ṣírò irú awò tí wọn yóò fi sí inú ojú bí cataract bá dé ní ìgbà ogbó.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé lọ́wọ́

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda kankan, ẹ bi oníṣègùn yín ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Eélòó máíkírọ́ọ̀nù ni kọ́níà mi nípọn tó ní ojú kọ̀ọ̀kan?

2. Ṣé abẹ ni ẹ ó fi gé ìdérí ni, àbí lésà femtosecond, báwo sì ni ẹ ṣe pète kí ó nípọn tó?

3. Eélòó ni lésà yóò gbẹ́, eélòó ni yóò sì ṣẹ́ kù lábẹ́ ìdérí?

4. Ṣé ẹ ó tún wọn èyí tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ìdérí, kí ẹ tó tan lésà?

5. Ṣé àwòrán ojú kọ́níà mi kò fi àmì keratoconus hàn?

6. Ṣé ẹ ti yẹ iṣan ìríran mi wò fún glaucoma, kí sì ni ìfúnpá ojú mi kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé?

7. Ṣé ẹ ó fún mi ní gbogbo òǹkà wọ̀nyí ní àkọsílẹ̀?

Ẹ tún rántí pé ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ẹni tí òǹkà awò rẹ̀ ṣì ń yí padà lọ́dọọdún, aboyún àti ìyá tí ń fún ọmọ lọ́yàn kò yẹ fún iṣẹ́ abẹ yìí lásìkò náà. Ẹni tí ń lo awò rírọ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú gbọ́dọ̀ bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó wọn kọ́níà rẹ̀. Ẹni tí ń lo èyí tí ó le gbọ́dọ̀ bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí pé awò náà ń yí ojú kọ́níà padà, òǹkà tí ó bá jáde yóò sì jẹ́ irọ́.

Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ẹni tí ó bá béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣírò wọn kí ẹ tó wọlé. Bí ìdáhùn bá fi hàn pé kọ́níà yín kò gba LASIK, ẹ má ṣe wá ilé ìwòsàn mìíràn tí yóò gbà láti ṣe é láìwọn ohunkóhun. Ẹ wẹ awò yín kúrò nínú eruku Sókótó, kí ẹ gbé e padà sí ojú, kí ẹ sì máa ríran lọ. Bí ìdáhùn bá sì dára, tí ẹ ṣe é, tí ó yọrí sí rere, ẹ tọ́jú ìwé òǹkà náà pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì máa fi han gbogbo oníṣègùn ojú tí ẹ bá bá pàdé.